Téèpù aránṣọ àti tíì tó ń fa ikùn wọlé

Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ránṣọ ní Mọ́kọ́lá, nílùú Ìbàdàn. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo ti wọn ìyàwó tuntun, mo ti wọn ìyá ìyàwó, mo ti wọn ìyá àgbà tí wọ́n gbé jókòó sórí àga nítorí pé kò lè dúró. Ìwọ̀n gbogbo wọn wà nínú ìwé mi. Tèmi ni kò sí níbẹ̀. Mi ò wọn ara mi rí. Bí mo bá fẹ́ rán aṣọ ara mi, ìró àti bùbá ni, màá gé e kó fẹ̀ dáadáa, ó tán.

Ní ọdún 2021, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, ṣubú nílé ìdáná níbi tó ti ń ro àmàlà. Rọpárọsẹ̀ ni. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò ní ọsibítù kó tó dákẹ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn BP, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ nawọ́ yín fún mi." 158 lókè, 96 nísàlẹ̀. Ó ní ká sinmi díẹ̀, ó tún un wọ̀n, kò yàtọ̀. Ó wá fa téèpù tó wà lọ́rùn mi, ó kúnlẹ̀, ó fi yí ikùn mi ká ní ọ̀gangan ìdodo. Ínṣì 46.

Ó ní fún obìnrin, bí ikùn bá ti tó sẹ̀ǹtímítà 80, ìyẹn ínṣì 31 ààbọ̀, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ ti ní ká fura. Fún ọkùnrin, 94 ni. Ó ní kì í ṣe gbogbo ọ̀rá ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Èyí tó wà nídìí àti nítan, ọ̀pọ̀ ìgbà ló kàn ń jókòó jẹ́ẹ́. Èyí tó wà nínú ikùn, tó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká, ni kì í jẹ́ kí ara sinmi. Á máa tú ọ̀rá sínú ẹ̀jẹ̀, kò ní í jẹ́ kí insulin lè gbé súgà wọnú ẹran ara bó ṣe yẹ, súgà á ga, ẹ̀jẹ̀ á ru, ọkàn á máa ṣiṣẹ́ kọjá agbára rẹ̀. Ó ní bí ti ìyá òun ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Èmi ni mo rán gbogbo aṣọ tí ẹ̀gbọ́n mi wọ̀ fún ogún ọdún. Èmi ni mo ń fi ínṣì kún un lọ́dọọdún, tí mo ń rẹ́rìn-ín, tí mo ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti ń jayé o." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí títí di òní.

Mo lọ sí ọsibítù. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi láàárọ̀ kí n tó jẹun, súgà 132. Wọ́n tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, 129. Bó bá ti tó 126 lẹ́ẹ̀mejì, àtọ̀gbẹ ni wọ́n ń pè é. Dókítà kọ amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ó kọ metformin fún súgà, ó ní kí n máa lò wọ́n lójoojúmọ́. Mo bi í pé títí di ìgbà wo. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ títí lọ.

Ọ̀rọ̀ "títí lọ" yẹn ló lé mi jáde níbẹ̀. Ilé tí wọ́n bí mi sí, ewé ni wọ́n fi tọ́ wa. Ìyá mi kì í ra oògùn ní kẹ́mísì àfi tí àgbo bá kọ̀. Lójú tèmi, oògùn òyìnbó tí kò lọ́jọ́ ìparí, ẹrù ni wọ́n dì fúnni. Ewé ní tiẹ̀, tiwa ni, ewé kì í pani. Bí mo ṣe gbà á gbọ́ nìyẹn.

Oníbàárà mi kan ló mú tíì náà wá. Páálí aláwọ̀ ewé ni, wọ́n ya obìnrin kan sí i lára tí ìbàdí rẹ̀, lójú aránṣọ, kò lè ju ínṣì 24 lọ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ewé pọ́nńbélé ni, pé kò sí kẹ́míkà nínú rẹ̀. Orúkọ ewé kankan tí mo lè kà kò sí lára páálí náà, nọ́ńbà NAFDAC kò sí níbẹ̀. Àpò kéékèèké 20 ló wà nínú ẹ̀, náírà 6,500. Mo rẹ ọ̀kan sínú omi gbígbóná lálẹ́ ọjọ́ náà. Kílẹ̀ tó mọ́, mo ti lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Inú mi dùn. Mo ní ọ̀rá ló ń jáde yẹn.

Kílò 98 ni mo wà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo gun òṣùwọ̀n, 92. Kílò mẹ́fà! Mo pariwo débi pé àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì wá wò mí. Kíá ni mo pa ti ọsibítù tì. Mo fi capsule oje ewé tíì tútù kún un, èyí tí wọ́n ń pè ní green tea extract, méjì lóòjọ́. Mo fi àgbo jẹ̀dí kún un ní ìrọ̀lẹ́. Mo fi àgúnmu kan tí wọ́n ní ó ń wẹ ẹ̀dọ̀ kún un. Èyí tó burú jù ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta tíì náà. Obìnrin 11 ló rà á lọ́wọ́ mi, gbogbo wọn oníbàárà mi. Ara tí wọ́n gbé wá fún mi kí n wọ̀n, kí n bá wọn ránṣọ sí, ni mo ń ta nǹkan tí mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ mi ló kọ́kọ́ rí i. Mo ní kó wọ̀n mí fún aṣọ ẹbí ìrántí ọdún kan ẹ̀gbọ́n mi, kó lè rí bí mo ṣe fọn. Ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n, ó dákẹ́. Ínṣì 45 ààbọ̀. Ó ní, "Mọ̀ọ́mì, kílò lọ, àmọ́ ínṣì ò lọ." Mo ní kó kọjú mọ́ sípù tó ń rán. Ọmọ ọdún 19, ó rí ohun tí èmi ìyá aránṣọ kọ̀ láti rí. Bí ọ̀rá inú ikùn bá lọ ní kílò mẹ́fà, téèpù á sọ ọ́. Omi ló jáde lára mi, omi àti ìgbẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ karùn-ún, oorun dá lójú mi. Bí mo bá dùbúlẹ̀, màá máa gbọ́ ọkàn mi nínú etí tó fara ti ìrọ̀rí, kì-kì-kì, bí ẹni ń gún nǹkan. Ẹnu mi gbẹ bí ẹnu ẹni tó gbààwẹ̀. Iṣan ẹsẹ̀ ń fà mí lórí maṣíìnì débi pé mi ò lè tẹ̀ ẹ́. Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó wá lálẹ́ ọjọ́ náà, ó wọ̀n mí: 176 lókè, 108 nísàlẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níbi tó jókòó sí. Ìyá rẹ̀ ló ń rí lára mi.

Ní ọsibítù, dókítà bi mí bóyá mò ń lo àgbo kankan. Mo ní rárá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi purọ́, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ń pa á. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, nọ́ọ̀sì kan ti jágbe mọ́ obìnrin kan níwájú gbogbo wa pé, "Àgbo! Ẹ óò ba kíndìnrín yín jẹ́ tán, ẹ óò wá wa wá!" Gbogbo àwa tó wà lórí ìlà la dorí kodò. Ọjọ́ náà ni gbogbo wa ti mọ̀ pé irọ́ ló kù láti máa pa níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló dá dókítà lóhùn. Ó yí sí mi, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ lọ kó gbogbo ẹ̀ wá. Gbogbo ẹ̀. Ẹ kó o sínú náílọ́ọ̀nù."

Mo padà wá lọ́jọ́ kejì, mo tú náílọ́ọ̀nù náà sórí tábìlì dókítà: páálí tíì, ike capsule, ìgò àgbo jẹ̀dí tó ku díẹ̀, àgúnmu nínú bébà, àti orógbó mẹ́ta tí mo gbàgbé síbẹ̀. Ojú ń tì mí. Dókítà náà kò ju ọdún 35 lọ. Kò bú mi. Ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ wọ́n sínú fáìlì mi bí ẹni ń kọ orúkọ oògùn gidi. Mo rántí pé ó gbé orógbó náà sápá kan, ó ní, "Ẹ gbà, mà, èyí fún àlejò ni." Ìgbà náà ni mo tó lè mí.

Ohun tó ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ náà, mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìwọ̀n mi. Ó ní ọ̀pọ̀ tíì tí wọ́n ń tà fún ikùn, sẹ́nà ló wà nínú rẹ̀, mọ̀lẹ́bí ewé asunwọn tiwa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mú ìfun súnkì kíákíá kí ìgbẹ́ lè jáde, ó sì ń ṣe é dáadáa. Ọ̀rá kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀. Bí èèyàn bá ń mu ún lálaalẹ́, omi ara á máa lọ, pòtásíọ̀mù á máa bá a lọ, pòtásíọ̀mù yìí ló sì ń bá ọkàn mú ìlù rẹ̀ dọ́gba. Tèmi ti dé 3.0, kò yẹ kó dín ní 3.5. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ mi fi ń fà.

Àmọ́ sẹ́nà kì í dá oorun dúró, kì í sì í gbẹ ẹnu báyẹn. Ó bi mí bóyá oúnjẹ ṣì ń wù mí jẹ. Mo ní rárá, mo ti rò pé ewé náà ló ń ṣiṣẹ́. Ó wá sọ fún mi nípa oògùn kan tó ń jẹ́ sibutramine. Oògùn òyìnbó ni, wọ́n ṣe é láti pa ebi. Ní ọdún 2010, wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, nítorí ìwádìí fi hàn pé ó ń mú kí ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ pọ̀ sí i lára àwọn tí ọkàn wọn ti ní ìṣòro tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn àjọ tó ń ṣọ́ oògùn ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè kò yéé bá a nínú tíì àti capsule tí wọ́n kọ "ewé pọ́nńbélé" sí lára. Mi ò gbé páálí tèmi lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ nǹkan wò, nítorí náà mi ò lè búra pé ó wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo lè búra lé ni pé ẹnu gbígbẹ, àìsùn, ọkàn tó ń lù kì-kì-kì, BP tó ń gòkè, gbogbo wọn jẹ́ ohun tí oògùn yẹn máa ń ṣe fún èèyàn, gbogbo wọn sì kúrò lára mi láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí mo jáwọ́.

Capsule tíì tútù náà ní ìtàn tirẹ̀. Mo ti ń rò pé bó bá jẹ́ tíì táwọn ará Ṣáínà ń mu látayébáyé ni, kí ló lè burú níbẹ̀? Dókítà ní kí n ka ara ike náà: 450 mílígíráàmù EGCG, ìyẹn èròjà kan tó wà nínú ewé tíì náà, nínú ẹyọ kan. Mò ń lo méjì, 900 nìyẹn. Ó ní ẹni tó ń po tíì náà mu nínú ife bíi tàwọn tó ni ín, 90 sí 300 ló ń wọ ara rẹ̀ lóòjọ́. Ní ọdún 2018, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù sọ pé láti 800 sókè nínú capsule, ẹ̀jẹ̀ àwọn kan ti ń fi hàn pé ẹ̀dọ̀ ń fara pa. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé ewé yàtọ̀ sí oje ewé tí wọ́n fún jọ. Ẹni tó jẹ ẹ̀fọ́ ewúro àwo kan kò ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tó fún ewúro agbọ̀n kan, tó gbé omi rẹ̀ mu lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ mi wò. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, kò tíì fara pa.

Mo ní, "Dókítà, ṣé kí n má fọwọ́ kan ewé mọ́ láyé mi ni?" Ó ní, "Mà, metformin tí mo kọ fún yín tí ẹ ò lò, ìdí ewé ló ti jáde." Ó ní ewé kan wà ní Yúróòpù, Galega officinalis lorúkọ rẹ̀, tí àwọn èèyàn ayé àtijọ́ ń fún ẹni tó bá ń tọ̀ jù. Wọ́n yẹ ẹ́ wò, wọ́n bá ohun kan nínú rẹ̀ tó ń dín súgà kù ní tòótọ́, àmọ́ ó lóró. Ẹran ọ̀sìn tó bá jẹ ẹ́ jù ń kú. Àwọn onímọ̀ wá wá mọ̀lẹ́bí ohun náà tí oró rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn metformin, dókítà kan ní Faransé, Jean Sterne, sì kọ ìwé nípa bó ṣe wo àwọn alátọ̀gbẹ pẹ̀lú rẹ̀ ní ọdún 1957. Oògùn tó ti ìdí ewé jáde ni mo ń sá fún lọ sọ́dọ̀ páálí tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta fún ìgbà pípẹ́ lọ́jọ́ náà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn mi. Mo sì pe àwọn obìnrin 11 náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ yẹn ló le jù nínú gbogbo ẹ̀. Àwọn mẹ́jọ gbà láti dá a dúró, mo dá owó wọn padà. Ọ̀kan ní òun ti dákú ní báńkì lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun ò mọ̀ pé tíì náà ni. Mo gbé e lọ sí ọsibítù, mo san owó àyẹ̀wò rẹ̀. Ọ̀kan bínú, ó ní mò ń ṣe ìlara nítorí ó ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù mí lọ, kò wá ránṣọ lọ́dọ̀ mi mọ́. Ẹni ìkọkànlá kò gbé fóònù rẹ̀ títí di òní, mo sì ń gbàdúrà fún un.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ ìtàn kan fún mi nígbà tó rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ̀ mí lára. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ní Brussels, nílẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ilé ìtọ́jú kan ń fún àwọn obìnrin tó fẹ́ fọn ní ewé ilẹ̀ Ṣáínà. Ewé kan ni wọ́n fẹ́ lò, èyí tí wọ́n ń pè ní fang ji. Ohun tó dé ọwọ́ wọn ni guang fang ji, orúkọ tó jọ ọ́, ewé mìíràn pátápátá, Aristolochia, tó ń jẹ kíndìnrín run. Ó ju ọgọ́rùn-ún obìnrin lọ tí kíndìnrín wọn bàjẹ́. Nígbà tó yá, jẹjẹrẹ tún mú àwọn kan nínú wọn. Ewé tó jọra lórúkọ, ẹnìkan ṣoṣo tí kò dá wọn mọ̀ yàtọ̀, ó tán. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ rí ẹni tó mọ ewé gan-an.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ sí ọjà Bódè. Ìyá tí wọ́n júwe fún mi á ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó jókòó láàárín egbò, èèpo igi àti ìdì ewé, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń to ẹrù lẹ́yìn rẹ̀. Oníbàárà kan tó wà níwájú mi mú ewé gbígbẹ kan wá láti ibòmíràn, ó ní kó bá òun wò ó. Ìyá ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó tu itọ́, ó ní, "Wọ́n tàn ọ́ jẹ." Èyí tó ju gbogbo ẹ̀ lọ ni bó ṣe dá mi lóhùn. Mo ní mo ń wá ewé tó ń fa ikùn wọlé. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ní, "Kí lo ń lò báyìí, ọmọ mi?"

Ẹni tó ta páálí fún mi kò bi mí bẹ́ẹ̀. Èmi náà kò bi àwọn tí mo tà á fún bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ ríru àti súgà ni, Ìyá. Oògùn òyìnbó ni mò ń lò." Ó gbé ìdì ewé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ewé súgà tèmi ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá fún ọ, tí tiwọn náà wà nínú rẹ, súgà á já wálẹ̀ lójijì, wàá ṣubú sílẹ̀ lójú títì. Mi ò ní pò ó mọ́ tiwọn. Ewé tó ń fa ikùn wọlé, mi ò ní in. Èyí tó ń yàgbẹ́ ni mo ní." Iṣápá pupa ló wọ̀n fún mi nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ní kí n lọ sọ ọ́ fún dókítà mi kí n tó mu ún, kí n sì máa jẹ ewúro nínú ọbẹ̀ bí ẹni ń jẹ ẹ̀fọ́.

Mo sọ ọ́ fún dókítà lóòótọ́. Ó ní iṣápá wà lára ewé díẹ̀ tí wọ́n ti dán wò lára èèyàn dáadáa fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní Yunifásítì Tufts ní Boston, ìwádìí tó jáde ní ọdún 2010, èèyàn 65 tí BP wọn ti ga díẹ̀ ni wọ́n lò. Apá kan ń mu ife iṣápá mẹ́ta lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, apá kejì ń mu ohun tó jọ ọ́. Nọ́ńbà òkè wá sílẹ̀ ní bíi 7 lára àwọn tó mu iṣápá, ó wá sílẹ̀ ní bíi 1 péré lára àwọn tó kù. Ó ní kí n fi sọ́kàn pé iṣápá náà ń mú èèyàn tọ̀, pé kí ẹni tó bá ń lo oògùn tó ń mú ni tọ̀ kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀. Ó ní kí n máa mu ún, kí n máa wọn ara mi, kí n má sì fi oògùn sílẹ̀.

Zobo ni mo ń pe iṣápá tẹ́lẹ̀, bí gbogbo ayé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe zobo tí mò ń gbé fún àwọn oníbàárà nígbà ọdún: kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún, agolo mílíìkì súgà mẹ́ta, àti fúlẹ́fọ̀ ọ̀pẹ òyìnbó. Mo máa ń sọ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Àtọ̀gbẹ tó ti ń bọ̀ lọ́nà ni mò ń fún wọn ní oúnjẹ. Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí: màá fọ iṣápá lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí iyanrìn pọ̀ nínú ẹ̀, títí omi fi máa mọ́. Màá fọ èèpo ọ̀pẹ òyìnbó, màá gé ata ilẹ̀ wẹ́wẹ́, màá fi kànáfùrù bíi mẹ́fà sí i. Bí omi bá ti hó, màá sọ iná kalẹ̀, màá da gbogbo ẹ̀ sí i, màá dé e pa fún ìṣẹ́jú 15. Kò sí súgà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó kan gan-an lẹ́nu mi. Lọ́sẹ̀ kẹta, tí mo bá mu aládùn níbi ayẹyẹ, ó ń rí mi lára bí omi ṣúga tí wọ́n fi ń tan kòkòrò.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣápá, mo kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì wọn BP mi láàárọ̀ àti lálẹ́, mo ń kọ ọ́ sójú ewé tuntun nínú ìwé ìwọ̀n mi. Orúkọ mi lókè, bí orúkọ oníbàárà. Lórí oògùn nìkan, ó ń lọ yíká 142 lórí 88. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo fi iṣápá kún un, ó ń lọ yíká 136 lórí 85. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀ láàárọ̀ nígbà náà, nítorí náà kì í ṣe iṣápá nìkan ni mo fẹ́ fi gbogbo ọpẹ́ fún. Àmọ́ ó ṣe tirẹ̀. Kílò kan ṣoṣo kò tìtorí rẹ̀ kúrò lára mi. Àmàlà tí mo dín kù, ẹ̀fọ́ tí mo fi kún un, ìrìn, àti oúnjẹ alẹ́ tí mi ò jẹ kọjá aago méje mọ́ ló mú un lọ, díẹ̀díẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sú mi. Oṣù 14 ló gbà kí n tó kúrò ní kílò 98 bọ́ sí 89. Kílò mẹ́sàn-án péré, tíì yẹn gbé mẹ́fà lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ọmọṣẹ́ mi wọ̀n mí, ínṣì 41 ààbọ̀. Ó kígbe, ó sáré lọ mú gègé kó lè kọ ọ́. Súgà àárọ̀ mi wà ní 104, BP ní 128 lórí 80. Mo ṣì ń lo metformin àti amlodipine mi.

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé páálí wá sí ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, màá wá nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀, màá tún ka ọ̀rọ̀ kéékèèké tó wà nísàlẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ oògùn ìbílẹ̀ tó ní nọ́ńbà náà ni wọ́n kọ ọ́ sí lára pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé ó ń ṣe wò. Màá wá orúkọ ewé inú rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀. Bí kò bá sí, mi ò ní gbà á kalẹ̀ lórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ.

Oṣù tó kọjá ni mo tún lọ ra iṣápá ní Bódè. Mo ti sọ gbogbo ìtàn mi fún Ìyá nígbà kan, títí dórí náílọ́ọ̀nù. Ẹ̀rọ BP wà nínú báàgì mi lọ́jọ́ náà, ọmọ-ọmọ rẹ̀ rí i, ó ní kí n wọn òun. Mo wọ̀n ọ́n, kò sí wàhálà. Ìyá na ọwọ́ òsì, ó ní, "Wọn tèmi náà, mi ò wọ̀n ọ́n rí." 172 lókè, 100 nísàlẹ̀. Mo ní ká sinmi díẹ̀, mo tún un wọ̀n, kò yàtọ̀. Ó ń wo ojú mi. Mo ní, "Ìyá, ó ga." Ó ní, "Ó ga tó tìẹ nígbà yẹn?" Mo ní ó ju ti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọn èmi lọ.

A fi lílọ sọ́dọ̀ dókítà sí Ọjọ́rú. Nígbà tí mo dé ilé rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti jókòó síta, ó ti wọ ìró àti bùbá aláró, náílọ́ọ̀nù dúdú kan wà lórí itan rẹ̀. Mo bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀. Ó ní ohun tí òun ń mu láràárọ̀ ni, egbò mẹ́ta àti ewé kan, òun ti dì wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí dókítà má baà pò wọ́n pọ̀.